Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbà Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Sọ Ojú Ọ̀run Di Ààtàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà òmùgọ̀ Alímọ̀ṣọ́. A mọ iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń dúró kí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé àpò ìdọ̀tí jáde, kí àgbàrá lè bá yín gbé e dé ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń kọ́kọ́ dìde nípàdé ẹgbẹ́ àdúgbò, CDA, láti béèrè ta ló dí gọ́tà. A kí yín kú akitiyan. Àmọ́ ilẹ̀ ti kún. Ààtàn Solous tó wà ní Ìgándò, lójú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ̀rí, ti di òkè tí ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò náà lè rò pé Elédùmarè ló dá a síbẹ̀. Ìjọba Èkó sì ti kéde pé àwọn yóò tì í pa. Bí wọ́n bá tì í, níbo lẹ ó máa da tiyín sí?

Ẹ gbójú sókè. Ibẹ̀ ò ní ọmọ onílẹ̀. Àwọn PSP tó ń kó ìdọ̀tí ò lè gbé bíìlì débẹ̀, àkàbà àwọn KAI tó ń mú àwọn tó ń da ìdọ̀tí síta ò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Láti 1957 tí ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ti fi Sputnik ránṣẹ́ ni àwọn alágbára ayé ti ń da pàǹtírí síbẹ̀, Nàìjíríà náà sì ti da tirẹ̀ lé e. Ìwé yìí yóò kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe lè dara pọ̀ mọ́ wọn, yóò sì kọ́ yín ní èyí tó ṣe pàtàkì jù: bẹ́ ẹ ṣe lè yẹ owó kíkó rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tó bá ti kú, ẹ gbà pé ó ti lọ

Ẹ má bi ara yín pé níbo ló lọ. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì kékeré kan tó ń jẹ́ Vanguard 1 ránṣẹ́ ní March 1958. Ó gbẹ́nu dákẹ́ ní 1964, síbẹ̀ ó wà lókè títí di òní, ó ń yí ayé po láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀. Ó dàgbà ju òmìnira Nàìjíríà lọ. Eré tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń sá ni kì í jẹ́ kó já bọ́, afẹ́fẹ́ tí ì bá sì máa dá a dúró ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́hùn-ún. Bó bá wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè, ọdún díẹ̀ ni yóò lò kó tó wálẹ̀. Bó bá wà ní 800, ó lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún, kó tún lé. Èyí tó bá wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà, níbi tí sátẹ́láìtì tẹlifíṣàn máa ń dúró sí, ọmọ ọmọ yín ò ní rí i kó padà.

Tiwa ńkọ́? NigeriaSat-1 gòkè láti Rọ́ṣíà ní September 27, 2003. Nǹkan bí 100 kílò ni. Ní Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti kọ́ ọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ gidi o, kí n má purọ́ mọ́ ọn: nígbà tí ìjì Katrina ba Amẹ́ríkà jẹ́ ní 2005, ó wà lára àwọn tó ya fọ́tò ibi tí omi bò. Iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 2012. Òkú rẹ̀ ṣì wà lókè, ní ibi tó lé ní 600 kìlómítà.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe jù ni NigComSat-1. Àwọn ará China ló kọ́ ọ, àwọn náà ló gbé e lọ ní May 2007. Ó wúwo ju 5,000 kílò lọ. Ní November 2008, àwọn pátákó tó fi ń gba iná oòrùn dàrú, ó bá kú láìtíì pé ọdún méjì. Nígbà tí aráàlú béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn aláṣẹ ní wọ́n ti páàkì rẹ̀. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú ìwé yín, ó máa wúlò. Ọkọ̀ tó bá kú ní Ìyànà Ìpájà tí wọ́n páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, LASTMA á wá fà á, wọ́n á sì gbowó lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ta ló fẹ́ fa sátẹ́láìtì?

Lóòótọ́, wọ́n gbé e kúrò lójú ọ̀nà kó má bàa dí àwọn yòókù lọ́wọ́, ìwà ọmọlúàbí sì nìyẹn láàárín àwọn onísátẹ́láìtì. Itẹ́ kan wà fún irú wọn, nǹkan bí 300 kìlómítà sókè sí ibi tí àwọn alààyè ti ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n itẹ́ tí òkú ibẹ̀ kì í jẹrà ni. Ìnṣọ́ránsì ló san owó èyí tó rọ́pò rẹ̀, NigComSat-1R, tó gòkè ní December 2011. Ẹ rí bí ayé ṣe rí: owó wà fún gbígbé òmíràn lọ, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹ̀rọ kankan láyé tó lè lọ gbé òkú ti àkọ́kọ́ wálẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹ má fara wé àwọn ará FUTA ní Àkúrẹ́. Àwọn yẹn pẹ̀lú àwọn ará Japan kọ́ sátẹ́láìtì tiwọn, Nigeria EduSat-1, kò ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ níbùú àti lóròó. Láti ibùdó òfurufú tí àwọn ènìyàn ń gbé ni wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní July 2017. Wọ́n fi í sísàlẹ̀ gan-an. Nígbà tó fi máa di 2019, afẹ́fẹ́ ti fà á wálẹ̀, ó jóná di eérú, kò ṣẹ́ ku ohunkóhun. Kí lèèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Òmùgọ̀ gidi kì í fi ilé sílẹ̀ láì fi ìdọ̀tí sẹ́yìn.

Ẹ máa sọ pé ibẹ̀ gbòòrò

Bí ẹnikẹ́ni bá bá yín wí, ẹ sọ pé òfurufú tóbi, pé ohun tó wà níbẹ̀ ò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ yìí dùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òtítọ́. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ sí etí ẹni tó mọ eré tí wọ́n ń sá. Sátẹ́láìtì tó wà nítòsí ayé ń sá tó kìlómítà méje àbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ tó pe «Jésù», ó ti kúrò ní Ìyànà Ìpájà, ó ti dé Ìkòtún, dánfó tẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀ ò sì tíì jáde ní páàkì. Bí méjì bá pàdé lójúkojú, eré ti èkíní máa kún ti èkejì. Àfọ́kù irin tí ò tóbi ju èékánná lọ lè ba sátẹ́láìtì tó jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là jẹ́ pátápátá.

Ní 2016, ohun kan tó kéré gan-an, bóyá àfọ́kù ọ̀dà ara rọ́kẹ́ẹ̀tì, fọ́ ojú fèrèsé ibùdó òfurufú tí àwọn ènìyàn ń gbé yẹn díẹ̀. Ní 2021, wọ́n yẹ ọwọ́ irin gígùn tí Canada ṣe fún un wò, wọ́n rí ihò lára rẹ̀. ESA, àjọ òfurufú ti Yúróòpù, ṣírò pé àfọ́kù tó ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ tó ń fò káàkiri lókè ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn láti ilẹ̀ ò lè rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ tẹra mọ́ àfọ́kù wẹ́wẹ́. Èyí tó bá tóbi, wọ́n á rí i, wọ́n á yà fún un. Èyí tó bá kéré jù, ara irin á gbà á. Àárín ni kẹ́ ẹ máa dà sí.

Bẹ́ ẹ bá ń kánjú, ẹ fọ́ ọ

Ní January 11, 2007, China fi ohun ìjà lu sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ tiwọn fúnra wọn, Fengyun-1C, kí ayé lè mọ̀ pé àwọn lágbára rẹ̀. Ayé mọ̀. Àfọ́kù tó ṣeé ṣọ́ láti ilẹ̀ lé ní 3,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà lókè títí di bí a ṣe ń kọ̀wé yìí. India ṣe tirẹ̀ ní March 2019. Àwọn fọ́ tiwọn nísàlẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àfọ́kù náà sì wálẹ̀ kíákíá. Àṣìṣe tí òmùgọ̀ pípé ò gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn.

Ti Rọ́ṣíà ló wù mí jù. Ní November 15, 2021, wọ́n fọ́ sátẹ́láìtì tiwọn, Kosmos 1408, ó di nǹkan bí 1,500 àfọ́kù. Àwọn méje ló wà nínú ibùdó òfurufú lọ́jọ́ náà. Kíá ni wọ́n ní kí wọ́n sá wọ inú ọkọ̀ tó lè gbé wọn wálẹ̀, torí àfọ́kù náà ń gba ìtòsí wọn kọjá. Méjì nínú àwọn tó ń sá wọ̀nyẹn, ọmọ Rọ́ṣíà ni wọ́n.

Bẹ́ ẹ ò bá ní ohun ìjà, ẹ fi í sílẹ̀, yóò fọ́ fúnra rẹ̀. Ní February 10, 2009, lókè Siberia, sátẹ́láìtì tẹlifóònù kan tó ń jẹ́ Iridium 33 ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Kosmos-2251 ti Rọ́ṣíà, tó ti kú láti 1995, wá já lù ú. Àwọn méjèèjì fọ́ yángá, àfọ́kù tó ṣeé ṣọ́ tó nǹkan bí 2,000. Láti 1978 ni Donald Kessler àti ẹnì kejì rẹ̀ ní NASA ti kọ ọ́ pé bó ṣe máa rí nìyí: ìdọ̀tí á kọ lu ìdọ̀tí, á bí ìdọ̀tí, tí ọmọ ìdọ̀tí náà á tún lọ kọ lu òmíràn, títí ọ̀nà kan á fi dí tí ẹnikẹ́ni ò ní lè gbà á mọ́. Wọn ò ní ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni, láàárín ọ̀pọ̀ ọdún, èyí sì ni òmùgọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó bá pẹ́ kó tó dé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tiwa.

Bó bá já sí àdúgbò yín

Ẹ má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni pàǹtírí òfurufú ń já sí. Ní May 2020, China gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì Long March 5B lọ, wọ́n sì fi apá tó tóbi jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ lókè kó máa wá ibi tó máa bọ́ sí fúnra rẹ̀. Ó yí ayé po fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ó sì wálẹ̀ ní May 11. Lẹ́yìn náà, àwọn ará abúlé Mahounou ní Côte d'Ivoire jí, wọ́n rí irin gígùn bíi páìpù, nǹkan bí mítà méjìlá, láàárín ibi tí wọ́n ń gbé. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò pa ẹnikẹ́ni. Ní December 30, 2024, òrùka irin kan tó fẹ̀ tó mítà méjì àbọ̀, tó wúwo tó 500 kílò, já sí abúlé Mukuku ní Makueni, lórílẹ̀-èdè Kenya. Àjọ òfurufú Kenya ní ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ti wá. Ẹni kan tí a mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti já lù rí ni obìnrin kan ní Tulsa, ní Amẹ́ríkà, ní 1997. Èjìká rẹ̀ ló bà, kò sì ṣe é léṣe.

Bí irú rẹ̀ bá já sí Ẹgbẹ́dá lóru ọjọ́ kan, ohun tí òmùgọ̀ máa kọ́kọ́ ṣe ni kó pe Mallam tó ń ra irin kòndẹ́mù kó gbé òṣùwọ̀n wá. Ẹ ṣe é kíákíá kí ọlọ́pàá tó dé. Ẹ má wo ti epo rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè kù nínú ọ̀pá náà. Irú kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní hydrazine, bó bá wọ imú tàbí kan ara, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn Ìgándò ni. Ẹ má wo òfin náà. Àdéhùn òfurufú ti 1967 sọ pé olówó nǹkan ni olówó rẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ lókè tó, ibi yòówù kó já sí. Bí China bá ní kẹ́ ẹ dá irin òun padà, ìjọba gbọ́dọ̀ dá a padà. Ohun tí Mallam rà lọ́wọ́ yín yẹn, ẹrù ẹlẹ́rù ni.

Òfin náà ní apá kejì, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ka ìyẹn torí ó lè ṣe yín láǹfààní. Àdéhùn ti 1972 sọ pé orílẹ̀-èdè tó gbé nǹkan lọ ló máa san ohun tó bá bàjẹ́ nílẹ̀, yálà ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ní January 1978, Kosmos 954 ti Sófíẹ́ẹ̀tì, tó gbé èèlò iná átọ́míìkì sínú, já sí ìhà àríwá Canada, ó sì da èròjà olóró káàkiri ilẹ̀ yìnyín. Canada gbé bíìlì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là tiwọn kalẹ̀. Ní 1981, Sófíẹ́ẹ̀tì san mílíọ̀nù mẹ́ta. Kò yàtọ̀ sí bí lándílọ́ọ̀dù kan ṣe ń san owó PSP: ìdajì, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, láìtọrọ àforíjì.

Ẹ má mọ ohun tí ẹ ń lò

Ẹ̀kọ́ yìí kúrú. Bí Starlink bá wà lórí òrùlé yín ní Ìkòtún, tó ti wà ní Nàìjíríà láti January 2023, ẹ gbà pé inú afẹ́fẹ́ lásán ni íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wá. Láàárín December 2023 sí May 2024, àwọn sátẹ́láìtì Starlink yà fún nǹkan mìíràn ní nǹkan bí 50,000 ìgbà. Ẹ má gbọ́. Bí dísìì DStv bá ń fi bọ́ọ̀lù hàn yín, bí máàpù fóònù bá ń mú awakọ̀ Bolt dé Ìdímù, ilẹ̀ ló ti hù. Ní October 2024, Intelsat 33e, tó ń ṣiṣẹ́ fún Yúróòpù, Áfíríkà àti Éṣíà, dédé fọ́ sí wẹ́wẹ́ lókè. Kò ní ìnṣọ́ránsì. Ẹ yí ìkànnì padà.

Owó

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀, torí bẹ́ ẹ ò bá gbọ́n níbí, wọ́n lè gba nǹkan lọ́wọ́ yín.

Ohun tí kíkó ìdọ̀tí òfurufú ń náni kọjá ohun tí ọkàn lè gbé. Ní 2020, ESA fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú iléeṣẹ́ ClearSpace ti Switzerland: 86 mílíọ̀nù yúrò, kí wọ́n lọ gbé ohun kan ṣoṣo wálẹ̀. Vespa ni wọ́n ń pe ohun náà, èèlò kan tó ṣẹ́ kù láti ara rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lò ní 2013, tó wúwo 112 kílò. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n Mallam: kílò kan lé ní 760,000 yúrò. Àwọn tó ń kó Solous, tí wọ́n ń fi ọkọ́ wú ike àti irin látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́ iye yìí, wọ́n á da ọkọ́ nù, wọ́n á lọ kọ́ ìmọ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ní 2023, kí wọ́n tó dé ìdí Vespa, ìdọ̀tí mìíràn ti lọ kọ lù ú, àwọn àfọ́kù tuntun sì jáde lára rẹ̀. Ìdọ̀tí tí wọ́n fẹ́ kó ti bí ọmọ kí olùkó tó dé. Wọ́n ní láti yí èrò padà, wọ́n mú PROBA-1, sátẹ́láìtì àtijọ́ ti ESA fúnra wọn, tó ti wà lókè láti 2001.

Japan náà ń gbìyànjú. Ní February 2024, iléeṣẹ́ Astroscale gbé ADRAS-J lọ láti wá òkú rọ́kẹ́ẹ̀tì Japan kan tó ti wà lókè láti 2009, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ó sún mọ́ ọn títí ó fi ku nǹkan bí mítà 15, ó yí i ká, ó yà á ní fọ́tò. Kò fọwọ́ kàn án; iṣẹ́ gbígbé e wálẹ̀ di ti ẹ̀rọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn ará Surrey, àwọn yẹn gan-an tí wọ́n kọ́ NigeriaSat-1 fún wa, dán àwọ̀n wò lókè ní 2018, wọ́n sì dán ọ̀kọ̀ wò ní 2019. Àwọ̀n náà mú ohun tó fẹ́ mú. Ohun tó mú ni èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tú sílẹ̀ kí wọ́n lè mú un. Mo kí wọn tọkàntọkàn, torí iṣẹ́ yìí le. Ohun tí ẹ fẹ́ mú ń yí gbìrì, kò ní ibi ìdìmú, kò sì ní dá yín lóhùn.

Ta ló máa san án? Ẹ jẹ́ n kọ́ yín ní èsì.

Èsì àkọ́kọ́: «Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ dà á.» Èsì yìí lágbára, torí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn òkú ńláńlá tó wà lókè, ti Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti China ló pọ̀ jù. Kí ló dé tí aláṣọ ní Ìkòtún fi máa san owó orí kí wọ́n fi kó rọ́kẹ́ẹ̀tì Sófíẹ́ẹ̀tì? Èmi náà ò rí ìdí kankan. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti sọ èsì yìí tán, ẹ tètè jókòó kí ẹnikẹ́ni má bàa rántí NigComSat-1 tẹ́ ẹ páàkì.

Èsì kejì: «Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kó o ná, ká rí i.» Bí Japan bá kó òkú rọ́kẹ́ẹ̀tì kan wálẹ̀, gbogbo ayé ló jẹ àǹfààní rẹ̀, títí kan Nàìjíríà. Ẹ dúró dè wọ́n. Àwọn náà ń dúró de Amẹ́ríkà. Amẹ́ríkà ń dúró de Rọ́ṣíà. Bákan náà ni gbogbo ilé tó wà ní kúlọ́òsì yín ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ dá owó kíkó gọ́tà, kálukú ń ti ojú fèrèsé wò bóyá ẹnì kan ti gbé ṣọ́bìrì.

Èsì kẹta ni kẹ́ ẹ fọwọ́ sí ìwé. Ọwọ́ fífi síwèé kì í náni ní kọ́bọ̀. Ní December 2022, Nàìjíríà àti Rwanda ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Artemis Accords ní gbogbo Áfíríkà, apá kan nínú rẹ̀ sì dá lé pàǹtírí òfurufú. Ìlànà àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ náà wà láti 2007. Ìlànà ni, kì í ṣe òfin. Kò sí KAI nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń mú òfin wọlé díẹ̀díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FCC ní kí sátẹ́láìtì tó bá parí iṣẹ́ nítòsí ayé wálẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún, dípò ọdún 25 tó wà tẹ́lẹ̀. 2022 ni wọ́n gbé ìyẹn kalẹ̀. Ní October 2023, wọ́n bu owó ìtanràn 150,000 dọ́là lé Dish, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kan. Dish ti ṣèlérí láti gbé sátẹ́láìtì wọn, EchoStar-7, sókè 300 kìlómítà bó bá ti parí iṣẹ́, kó lè kúrò lọ́nà. Epo tán lójú ọ̀nà, 122 péré ni wọ́n gbé e dé. Ìtanràn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nìyẹn láyé. Ẹ fi 150,000 dọ́là wé 86 mílíọ̀nù yúrò, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi èwo ló dùn ún san.

Ewu tó tóbi jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta ní Amẹ́ríkà. Ní 2020, wọ́n kọ ọ́ pé ohun tó fà á ni pé ọ̀fẹ́ ni ọ̀nà tó wà lókè. Ẹni tó bá gbé sátẹ́láìtì lọ á jèrè rẹ̀ nìkan, gbogbo ayé á wá jọ pín ewu rẹ̀. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè jọ máa gba owó lórí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, kí owó náà máa gbẹ́sẹ̀ sókè títí yóò fi tó nǹkan bí 235,000 dọ́là ní 2040. Wọ́n ṣírò pé bí ayé bá gbà á, gbogbo iṣẹ́ sátẹ́láìtì máa níye lórí ní ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa san owó lórí òkú lọ́dọọdún ò ní fi òkú sílẹ̀ lókè. Ó bọ́gbọ́n mu jù. Ẹ ya ojú ìwé yìí kúrò kí ọmọ yín má bàa kà á.

Bí wọ́n bá fi agbára mú yín láti gbà á, ẹ jẹ́ kí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ta ni yóò máa gba owó. Èyí kì í yẹ̀. Láàárín 2017 sí 2018, ìjọba Èkó gba iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí ilé lọ́wọ́ àwọn PSP, wọ́n gbé e fún iléeṣẹ́ kan. Àwọn PSP gba kóòtù lọ. Ìdọ̀tí ò bá wọn lọ sí kóòtù. Ó jókòó sórí títì káàkiri Èkó, ó ń pọ̀ sí i.

Tí gbogbo èyí bá wá kùnà, tí bíìlì dé ọwọ́ yín, ẹ wo ohun tí NASA ṣe. Ní July 1979, ibùdó òfurufú wọn, Skylab, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 77, já wálẹ̀, àfọ́kù rẹ̀ sì fọ́n ká sí ìlú Esperance ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ bu owó ìtanràn lé NASA pé ó da ìdọ̀tí sílẹ̀: 400 dọ́là Ọsirélíà. NASA ò san án. Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Ní 2009, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò ní California bẹ̀ àwọn tó ń gbọ́ ètò rẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n dáwó, wọ́n dá a, ó sì bá NASA san án. Ẹ tọ́jú bíìlì yín sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, kẹ́ ẹ máa tan rédíò.